Nígbà Tí Omi Bá Dúró

Ìyá Àgbà Siipura tún ti àwo náà kúrò níwájú. Núdù inú rẹ̀ ti wú, ọ̀rá ojú ọbẹ̀ sì ti dì mọ́ etí àwo.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún tọ́ ọ wò," Alasi bẹ̀ wọ́n.

"Mo tọ́ ọ wò lánàá, Bàbá. Okùn oníyọ̀ ni. Ta ló ń jẹ okùn?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Alasi, àmọ́ nígbà tó wo ọrùn ọwọ́ arúgbó náà, tó ti tín-ín-rín bí igi ìdáná, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Alasi ni wọ́n ń pè é nílé ìwé, ṣùgbọ́n Tulugak ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, orúkọ bàbá tó bí Ìyá Àgbà. Ní erékùṣù wa, ní àríwá ayé níbi tí òkun ti ń di yìnyín, ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ òkú, òkú náà ló padà wá sílé. Ìdí nìyẹn tí ìyá arúgbó fi ń pe ọmọdébìnrin ní Bàbá, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, àfi Jupi, ìbátan rẹ̀.

"Kí wá lẹ fẹ́ jẹ?"

"Kò sí." Ìyá Àgbà kọjú sí fèrèsé tí yìnyín ti bo gíláàsì rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Bí mo bá rí omi ẹran pẹ́pẹ́yẹ òkun mu, bóyá ọ̀fun mi á là. Má dá mi lóhùn o. Ẹnu arúgbó ló ń sọ̀rọ̀."

Bí ẹni fi iná sí abẹ́ ìjókòó Alasi ni. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní gúúsù, òun nìkan ló kù pẹ̀lú Ìyá Àgbà. Ọpọlọ rẹ̀ kì í sì í jókòó. Bí wọ́n bá fún un ní ìṣirò tó ta kókó, kì í lè sùn títí yóò fi tú u. Ó dìde, ó fọ àwo, ó tún ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀ gbá, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó padà. Ibi gbogbo tó bá wò, ọrùn ọwọ́ yẹn ló ń rí.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí afẹ́fẹ́ àríwá ti ń ti yìnyín orí òkun mọ́ wa. Gbogbo etí omi tí àwọn ọdẹ ń lọ ló ti pa dé. Bàálù ò lè balẹ̀, kò sì sí nǹkan gidi mọ́ nílé ìtajà àyàfi núdù àti ìrẹsì. Ibì kan ṣoṣo ni òkun ṣì ti ń mí nítòsí, ibi tí à ń pè ní Ojú-Omi, níbi tí ìṣàn òkun ti ń fi agbára gba àárín àpáta méjì kọjá. Ibẹ̀ ni gbogbo pẹ́pẹ́yẹ òkun kó jọ sí. Àwọn ẹyẹ yòókù máa ń sá fún òtútù lọ sí ilẹ̀ olóoru. Tiwa kì í lọ. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń la ìgbà òtútù já, wọn a máa rì sísàlẹ̀ òkun lọ ṣa ìṣáwùrú jẹ. Bí omi bá ṣí sílẹ̀, wọ́n á yè. Bí omi bá pa dé, orí yìnyín ni wọ́n á kú sí.

Bàbá Lukasi, olórí ẹgbẹ́ ọdẹ, ti sọ ọ́ lórí rédíò ìlú. "Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sún mọ́ Ojú-Omi títí afẹ́fẹ́ yóò fi yí. Èsì àwọn òkú pẹ́pẹ́yẹ tí a fi ránṣẹ́ sí gúúsù lóṣù tó kọjá ti dé. Wọ́n ní kì í ṣe àrùn, ebi ni. Ọ̀rá ara wọn ni wọ́n ń jẹ. Ẹyẹ tí a bá lé fò báyìí, a ti gbé oúnjẹ ọjọ́ kan kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó tán. Ẹni tó yá páànù ńlá ìyàwó mi, obìnrin náà ní kí n sọ fún un pé òun ò tíì gbàgbé."

Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ páànù, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ gbọ́. Kò sẹ́ni tó lọ.

Jupi bá Alasi lẹ́yìn ilé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni, ó fi ọdún méjì jù ú lọ, ó sì jókòó sórí alùpùpù yìnyín rẹ̀ bí ọba lórí ẹṣin.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Àgbà. Ṣé eegun ò dùn yín?"

"Jupi, kúrò níwájú mi. Inú mi ò dùn."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ ọ́ fún un. Jupi fi àwàdà sílẹ̀, torí Ìyá Àgbà ló bí ìyá tirẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló ju ojú sí apá ibi tí Ojú-Omi wà.

"Ẹyọ kan," ó ní. "Ẹyọ kan péré, a ti padà délé. Wọ́n pọ̀ bí irun orí. Ta ló máa mọ̀?"

"O ò gbọ́ ohun tí Bàbá Lukasi sọ ni?"

"Mo gbọ́. Bàbá Lukasi ní ẹran síìlì nínú àká. Ìyá Àgbà ní okùn oníyọ̀."

Alasi fi bàtà gbo yìnyín. "Mi ò tíì pa pẹ́pẹ́yẹ òkun rí."

"Mo mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Àwọn tí imú wọn ṣì ń ṣàn ti pa tiwọn, ìwọ ń ṣe ìṣirò." Jupi tẹ orí ba, ó sọ ohùn di ti ọmọdé tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀. "Àbí ẹ̀rù ló ń bà yín ni, Bàbá? Ẹ sọ ọ́, mi ò ní sọ fáyé."

Alasi mọ̀ pé ṣe ni Jupi ń ta òun lẹ́nu. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ohun tó burú jù ni pé kò lè dúró lójú kan mọ́. Ó dà bí ẹni pé bí òun bá ti gbéra, ebi Ìyá Àgbà á gbéra pẹ̀lú òun.

"Ìgbà wo ni omi máa dúró?" ó béèrè.

Jupi rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ pé ó ti gbà.

Kò sí ọmọ erékùṣù wa tí wọn ò kọ́ ní èyí kó tó mọ ìwé kà. Nígbà tí ìṣàn òkun bá ń sáré, ó ń jẹ yìnyín láti abẹ́. Etí tí o rò pé ó nípọn lè má ju bébà lọ. Àmọ́ òkun kì í sáré títí. Láàárín wíwá àti lílọ rẹ̀, ó máa ń dúró díẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹrù sílẹ̀ láti mí. Ìgbà yẹn ni à ń sún mọ́ etí yìnyín. Bí omi bá ń sáré, jókòó. Bí omi bá dúró, dìde. Ẹni tó bá rántí èyí ń pẹ́ láyé.

Wọ́n rántí rẹ̀. Wọ́n gbé alùpùpù sílẹ̀ lẹ́yìn òkè yìnyín kan, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù. Afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀ pátápátá láàárọ̀ náà, òtútù sì ń ta bí abẹ́rẹ́. Alasi kọ́kọ́ gbọ́ wọn kó tó rí wọn: ìkùn jẹ́jẹ́ kan, bí ìgbà tí àwọn obìnrin bá ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí ní yàrá kejì.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó yọjú.

Ojú-Omi ti kéré ju bó ṣe rò lọ. Kò ju pápá ìṣeré ilé ìwé lọ mọ́, dúdú ni, èéfín sì ń rú lójú rẹ̀. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ kún inú rẹ̀ dẹ́nu: akọ funfun àti dúdú, tí ọrùn wọn ní àwọ̀ ewé díẹ̀; abo aláwọ̀ ilẹ̀. Wọn ò sinmi rárá. Ìlà kan á rì, ìlà kejì á yọ, ìlà kẹta á gbọn ìyẹ́. Ojú omi ń hó bí ìkòkò.

"Yìnbọn," Jupi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Alasi gbé ìdí ìbọn ti èjìká, ó sì yìn ín.

Gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni fa tapólì ńlá ya. Nígbà tí ojú ọ̀run mọ́, ẹyọ kan ló kù lórí omi, ó ń yí díẹ̀díẹ̀. Jupi ju okùn tó ní ìkọ́ irin lẹ́nu sí i, ó ń fà á bọ̀, ó sì ń súfèé. Alasi kò wo ẹyẹ náà. Omi ló ń wò. Ní ìṣẹ́jú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, omi yẹn ń hó. Báyìí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí dígí. Bó sì ṣe ń wò ó, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti etí rẹ̀ wọ àárín, ohun tó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí awọ ṣe ń bo ojú ẹ̀kọ tó ń tutù.

"Jupi, wo ibẹ̀ yẹn."

"Mo ti rí i, ó sanra, àbí?" Ẹyẹ ni Jupi ń sọ.

Àwọn pẹ́pẹ́yẹ yí po lókè. Wọ́n lọ sí ìlà oòrùn, wọ́n padà. Wọ́n lọ sí gúúsù, wọ́n padà. Wọn ò rí omi mìíràn. Ẹ̀rù àwọn ọmọ méjì tó wà létí yìnyín kò sì jẹ́ kí wọ́n balẹ̀ síbi tí wọ́n ti gbéra. Níkẹyìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ sórí yìnyín lókèèrè, ní méjì, ní mẹ́wàá, bí aṣọ tó já lórí okùn.

"Wọ́n á padà sínú omi bí a bá lọ," Jupi ní. "Ó yá, kí Ìyá Àgbà tó sùn oorun ọ̀sán."

Alasi wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé ibi alùpùpù. Kò rí ẹyọ kan tó padà sínú omi.

Ètò rẹ̀ ni pé òun á ti ẹ̀yìn wọlé, òun á sè é kí Ìyá Àgbà tó béèrè ohunkóhun. Ọmọ tó lè tú ìṣirò tó le, ohun tó hàn kedere jù lọ ni kò rántí. Ìyá Àgbà kò sùn. Wọ́n rí ẹyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì dìde dúró, ohun tí wọn ò tíì dá ṣe láti ọjọ́ Ajé.

"Bàbá mi. Ìwọ lo pa á?"

"Èmi ni, Ìyá Àgbà."

"Àkọ́pa?"

Ìgbà yẹn ni Alasi tó rántí. Ẹran àkọ́pa kì í ṣe ti ẹni tó pa á. Obìnrin tó gbẹ̀bí ẹni náà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ló ni ín, Ìyá Àgbà Siipura sì ni obìnrin náà. Òun ló gbọ́dọ̀ pín in, gbogbo ìlú ló sì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. A kì í jẹ àkọ́pa ní ìkọ̀kọ̀. Kò ṣẹlẹ̀ rí.

"Ìyá Àgbà, ara yín ò yá. Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ láwa méjì."

"Àwa méjì? Ṣé olè ni wá ni?" Wọ́n ti gbé fóònù, wọ́n pe ilé iṣẹ́ rédíò ìlú. Kò pẹ́ tí ohùn wọn fi ń jáde nínú rédíò orí tábìlì, ó ń gbọ̀n fún ayọ̀. "Èmi Siipura ni o. Bàbá mi ti pa pẹ́pẹ́yẹ òkun àkọ́kọ́ rẹ̀ lónìí. Ẹ gbé ọ̀bẹ yín, ẹ máa bọ̀."

Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n wá ìborí wọn tó dáa jù. "Níbo lo ti rí i?"

"Níwọ̀-oòrùn," Alasi gbọ́ tí ẹnu òun sọ. "Omi kékeré kan ṣí níbẹ̀."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Ìyá Àgbà wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun.

Alasi tẹ́ páálí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó jókòó ti ẹyẹ náà, ó ń tu ìyẹ́ rẹ̀. Egungun àyà rẹ̀ gún un lọ́wọ́. Ó mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Ó fi ìka wá ọ̀rá lábẹ́ awọ, kò rí. Nígbà tó la inú rẹ̀, òfìfo ni, àfi èérún ìkarahun ìṣáwùrú tó rí bí iyanrìn. Jupi ló ní ó sanra. Ìyẹ́ ni wọ́n rí.

Ó jókòó pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìhùùhù, ọpọlọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra rẹ̀. Ìgbà wo ni ẹyẹ yìí ń jẹun? Bí ìṣàn bá ń sáré, ẹyẹ tó bá rì, ìṣàn á gbé e wọ abẹ́ yìnyín, kò ní rí ojú omi mọ́. Nítorí náà, kò lè rì àfi nígbà tí omi bá dúró. Ìgbà kan náà tí a lè sún mọ́ etí yìnyín ni ìgbà tí ẹyẹ náà lè jẹun. Ó dáa. Kí ló wá dé tí Ojú-Omi kò fi dì láti ọjọ́ yìí, nígbà tó jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni omi ń dúró nínú òtútù báyìí? Ó tún rí ojú omi tó ń hó bí ìkòkò. Ìlà kan rì, ìlà kan yọ, ìlà kan gbọn ìyẹ́. Ẹsẹ̀ wọn ni. Àwọn gan-an ni kò jẹ́ kó dì. Nígbà tí ìṣàn bá sinmi, àwọn ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣirò náà tú, kò sì dùn mọ́ ọn nínú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Òun ti lé àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Awọ ti bo ojú omi. Ìṣàn tó ń sáré báyìí á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, kò ní jẹ ẹ́ tán. Omi sì máa tún dúró kí oòrùn tó wọ̀. Bí kò bá sí ẹyẹ nínú rẹ̀ nígbà náà, á dì pátápátá, àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún tó wà lórí yìnyín ò sì ní ríbi lọ.

Ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Àwọn ènìyàn ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà, wọ́n ń wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Alákọ̀wé wa dà? Mo rò pé pẹ́ńsù lo máa fi pa á."

"Ẹ mú ọwọ́ rẹ̀ wá, ẹ jẹ́ ká fà á kó lè gùn sí i."

Àwọn ìyá arúgbó fa apá rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí àṣà wa fún ọdẹ tuntun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Jupi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí sí Alasi díẹ̀: dákẹ́ o.

Bàbá Lukasi wọlé gbẹ̀yìn. Ó bọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ Alasi mú. "Tulugak tí o ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló kọ́ mi níbọn. O ṣé, ọmọ. Omi tí Ìyá Àgbà sọ pé ó ṣí níwọ̀-oòrùn yẹn tiẹ̀ dùn mọ́ mi jù. Lọ́la, a ó kó gbogbo alùpùpù lọ síbẹ̀, ìlú á jẹun."

Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Àmọ́ ogún ọdún kọ́ ló wà níwájú Alasi. Wákàtí díẹ̀ ni. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Yìnyín á bo Ojú-Omi, wọ́n á ní Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí pẹ̀lú ọ̀bẹ wọn tó tẹ̀ bí ìlàjì òṣùpá, ojú wọn ń dán.

"Kò sí omi níwọ̀-oòrùn," Alasi sọ.

Kò gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa. Ó tún un sọ.

"Ojú-Omi ni mo ti pa á. Mo lé gbogbo wọn jáde nígbà tí omi dúró. Wọn ò padà sínú rẹ̀. Ó ti ń dì. Mo rí i tó ń dì, mo sì bọ̀ wálé."

"Èmi ni mo gbé e lọ," Jupi sọ láti ẹnu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ kò ga, àmọ́ ó sọ ọ́.

Ìyá Àgbà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ lórí páálí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ tàn mí jẹ, Bàbá," wọ́n ní.

Wọn ò pè é ní "ẹ" rí. Ó dùn ún ju kí wọ́n gbá a létí lọ. Ó fẹ́ dáhùn, ẹkún ló jáde. Síbẹ̀, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì sọ ìyókù fún Bàbá Lukasi láàárín ẹkún: ẹsẹ̀ wọn, ìṣàn, awọ ojú omi, kí oòrùn tó wọ̀.

Bàbá Lukasi ti ń wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà. "Ìbínú kì í yọ́," ó ní. "A ó bá a nílé nígbà tí a bá dé. Ẹ kó ọ̀pá irin. Ẹ kó okùn."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ojú omi tó kù kò ju yàrá ìdáná kan lọ. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ jókòó káàkiri lórí yìnyín, àwọn kan ti ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́, àwọn kan kò sì ní yọ ọ́ mọ́. Ìṣàn ṣì ń kùn lábẹ́. Ìgbà tí a kì í sún mọ́ etí ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dúró títí omi yóò fi dúró, awọ yẹn á ti le ju agbára wọn lọ.

"Ìwọ lo fúyẹ́ jù," Bàbá Lukasi sọ fún Alasi. Ó so okùn mọ́ ọn níbàdí fúnra rẹ̀, ó tún kókó rẹ̀ fà wò. "Fi àyà fà. Gún un, kí o jẹ́ kí ìṣàn gbé e lọ. Má sáré."

Ó fi àyà fà lọ. Ó gún awọ yìnyín, ó ya. Ìṣàn fà á wọ abẹ́. Ó gún, ó sún, ó gún. Lápá kejì, Jupi ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú okùn tirẹ̀, kò súfèé. Lẹ́ẹ̀kan, etí tí Alasi dùbúlẹ̀ lé ya lábẹ́ rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì wọ omi dé orúnkún. Wọ́n fà á padà bí ẹja. Ó ní òun ò tíì ṣe tán. Wọ́n ní ó ti ṣe tán.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn padà sẹ́yìn òkè yìnyín, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà Alasi, obìnrin kan sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀wù tirẹ̀, mọ́ ikùn, kó lè móoru. Kíkùn ìṣàn rọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dákẹ́. Omi ti dúró. Dúdú ni, ó tẹ́, ó sì ṣófo, èéfín rẹ̀ ń rú. Alasi rò pé ó ti pẹ́ jù.

Abo kan dìde lórí yìnyín. Ó rìn bí arúgbó tí orúnkún ń dùn, ó dé etí, ó wo omi títí. Ó bọ́ sínú rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà wọn ò ṣeé kà mọ́. Wọ́n rì, wọ́n yọ, wọ́n gbọn ìyẹ́, ojú omi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà. Èyí tó kù lórí yìnyín kún ọkọ̀ ìfà orí yìnyín kan. Òtútù sọ ìka ẹsẹ̀ Alasi méjì di dúdú, nọ́ọ̀sì sì gé orí ọ̀kan. Ìbínú tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé dúró dè wọ́n lóòótọ́: ẹgbẹ́ ọdẹ gba ìbọn lọ́wọ́ Alasi àti Jupi títí ìgbà tí àwọn ẹyẹ ń yé ẹyin yóò fi kọjá, wọ́n sì yan àwọn méjèèjì láti máa bá àgbà kan lọ ṣọ́ Ojú-Omi lókèèrè lójoojúmọ́, nínú òtútù tó ń pa ẹlòmíràn lẹ́kún.

Ẹran àkọ́pa náà ńkọ́? Ìyá Àgbà kò gbé e kúrò lórí páálí títí àwọn tó lọ sí Ojú-Omi fi dé. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, ó kan olúkúlùkù bí èékánná ìka, Ìyá Àgbà fúnra wọn sì mu omi ẹran náà díẹ̀.

"Ẹran ti kú," wọ́n sọ fún Alasi. "Kò yẹ kó kú lásán, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ. Irọ́ ni mi ò gbà. Ṣé o gbọ́, Bàbá?"

"Mo gbọ́, Ìyá Àgbà."

Ó pẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó yí. Lọ́jọ́ tó yí, ariwo yìnyín tó ń ya lókèèrè dé inú ìlú bí ìgbà tí ilé bá ń wó. Alasi àti Jupi wà níbi ìṣọ́ wọn nígbà tí gbogbo agbo náà gbéra fúnra wọn, láìsí ẹni tó lé wọn, wọ́n sì kọjá lórí wọn lọ sí òkun gbalasa. Jupi di ọwọ́ bojú, ó wò wọ́n títí wọ́n fi di eruku.

"Wọn ò tiẹ̀ dágbére," ó ní.

"Ta ni kí wọ́n dágbére fún? Àwa tí a fẹ́ pa wọ́n?"

"A ṣí omi fún wọn náà."

"Lẹ́yìn tí a tì í." Alasi ṣán ọ̀pá irin rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ó yá, ká lọ. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wọn, ẹ fi èyí sọ́kàn. Àkókò tó rọ̀ wá lọ́rùn jù lè jẹ́ àkókò kan ṣoṣo tí ẹ̀dá mìíràn ní láti fi jẹun. Ká bi ara wa léèrè kí a tó gbéra. Ìfẹ́ tí a ní sí ẹni wa kò sọ ohun tí kò dáa di dáadáa. Bí a bá sì ti ṣe àṣìṣe, ká má fi irọ́ bò ó. Ìtìjú Alasi kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kó tó rọ̀. Ká ní ó dákẹ́ láti yẹra fún un ni, kì bá tí sí ẹyẹ tó kù láti fò kọjá lórí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.